Rárá Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Àwọn tó mọ̀ mí l'Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn, mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mò ń wẹ aláìsàn. Ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè, ìwọ̀n ohun tó bi mí ni mo máa ń dá a lóhùn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní inú ń bí mi, kì í ṣe àsọdùn. Inú ń bí mi. Mo ti ń dúró kó rọlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti padà dé, kò rọlẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni bóyá Gẹ̀ẹ́sì àwọn òyìnbó le. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò le. Ó rọ̀. Rírọ̀ tó rọ̀ yẹn ló ṣe mí léṣe.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa máa ń kọ àkànlò èdè sójú pátákó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Á kọ àkànlò èdè náà sápá òsì, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sápá ọ̀tún, á sì fa ìlà sáàárín wọn. Ẹni tó bá ta garawa nípàá, ó ti kú nìyẹn. Òjò tó bá ń rọ ológbò àti ajá, òjò ńlá ni. Ẹni tó bá ń lu igbó yíká, kò fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì pe ṣọ́bìrì ní ṣọ́bìrì, òótọ́ ló ń sọ. À ń há wọn sórí láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé, nítorí ẹgba wà lọ́wọ́ olùkọ́ fún ẹni tó bá gbàgbé. Èmi fẹ́ràn wọn. Mo fẹ́ràn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lódìkejì ìlà, tí kì í ṣìlé. Nígbà tí mo ń lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rò pé gbogbo wọn ló ń dúró dè mí níbẹ̀.

Ìlú kékeré kan ní apá àríwá ni mo balẹ̀ sí, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Òtútù ibẹ̀ máa ń wọ inú eyín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ kí n tó jókòó. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ sún mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń wọ ilé ọ̀fọ̀.

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ gan-an, mo sọ ti ológbò àti ajá. Ọmọbìnrin tí a jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ẹnu ìyá ìyá òun lòun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, ìyá náà sì ti kú. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹgba olùkọ́ wa, mo sì rò ó pé wọ́n ti nà wá nítorí ohun tí àwọn tó ni í ti kó dà nù sẹ́yìn ilé.

Àwọn èyí tí wọ́n ń lò gan-an, kò sẹ́ni tó kọ wọ́n fún wa. Wọ́n á ní ‘ní òpin ọjọ́’, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á ní ó wà lábẹ́ ojú ọjọ́, bí ẹni pé àwa yòókù wà lókè rẹ̀. Nígbà tí ìyá arúgbó kan kú ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ, wọ́n ní ó ti yọ́ lọ. Mo wẹ òkú rẹ̀. Kò yọ́ lọ síbì kankan. Bí ẹni tó jí nǹkan ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà. Wọ́ltà ni orúkọ rẹ̀, ó ti wa bọ́ọ̀sì fún gbogbo ayé rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọṣẹ́.

“Ṣé ẹ máa mu tíì?”

“Rárá.”

“Ṣé ara yín le lónìí?”

“Kò le. Mò ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ńkọ́?”

Àwọn yòókù ní ó ya ẹhànnà. Lójú tèmi, òun nìkan ló mọ èèyàn í bá sọ̀rọ̀. Mi ò lè pe àgbàlagbà ní orúkọ lásán, nítorí náà mo ń pè é ní Bàbá. Ó bi mí pé kí ló túmọ̀ sí. Mo ní ẹni tó bí mi ni.

“Mi ò rántí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀,” ló wí.

Ó jọ bàbá mi gan-an níbi ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bàbá mi ń gbé ní Ìdógùn, nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ìyá wa ti kú tipẹ́. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù. Bí ọkọ kan bá lé ìyàwó rẹ̀ jáde, tàbí tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lé ọmọ ẹnì kan, Bàbá ni wọ́n máa wá mú. Á wọ aṣọ tó dáa, á mú àgbà mìíràn dání, wọ́n á lọ bá ẹni náà nílé. Kì í jókòó títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Bí wọ́n bá gbà, á dúpẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, á dúpẹ́ náà, á sì lọ sọ ọ́ fún ẹni tó rán an lọ́jọ́ yẹn gan-an, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù ọ̀nà. Ìyá mi a máa bá a jà pé kí ló dé tí kò lè dúró di òwúrọ̀. Á ní, “Ṣé ìwọ lè sùn bí o bá ń retí ìdáhùn?”

Àbúrò mi Dáyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Póòlì Ọ̀wọ̀, ló máa ń lọ sí Ìdógùn lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, á sì gbé fóònù sí Bàbá létí. Wákàtí yẹn ni gbogbo ọ̀sẹ̀ mi. Bí mo bá ti gbọ́ tí àgbébọ̀ adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn, mo ti délé. Láti pa Bàbá lẹ́rìn-ín, mo máa ń túmọ̀ àwọn àkànlò èdè mi fún un.

“Bàbá, ẹni tó bá ń sọ òótọ́, wọ́n ní ó ń pe ṣọ́bìrì ní ṣọ́bìrì.”

“Kí ni àwọn yòókù ń pè é?”

Mo ń gbọ́ Dáyọ̀ tó ń fẹ̀rín pa ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Bàbá kò jẹ́ kí n sọ àkànlò èdè kankan. “Ọma mi,” ló wí, bí àwọn ará ilé wa ti ń pe ọmọ. “Ẹsẹ̀ mi ti wú dé orúnkún. Dókítà Ọ̀wọ̀ ní ọkàn mi ti rẹ̀. Bí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú, má jẹ́ kó pẹ́. Ọjọ́ wo lo ń bọ̀?”

“Mo máa gbàyè lọ́la, Bàbá.”

Ìdí tí mo fi ní láti gbàyè ni pé ìwé tí mo fi wọ ìlú so mọ́ iṣẹ́ náà. Bí mo bá lọ láìgbàyè, iṣẹ́ ti bọ́, ìwé ti bọ́, mi ò sì ní lè padà wọlé mọ́. Mo mọ èyí kí n tó lọ, mi ò sì dá wọn lẹ́bi fún un.

Ọ̀gá wa ń jẹ́ Líńdà. Bí gbogbo wa ti ń pè é nìyẹn, kò sí mádàámù níbẹ̀. Àbúrò mi ló máa jẹ́ lọ́jọ́ orí. Kì í ṣe òṣìkà. Ó máa ń se kéèkì fún ẹni tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó sì mọ orúkọ gbogbo àwọn arúgbó wa àti orúkọ ọmọ wọn. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo wọlé.

“Bàbá mi ń kú lọ ní Nàìjíríà,” ni mo sọ fún un. “Mo fẹ́ lọ rí i. Ṣé o máa fún mi láyè?”

Ó dìde, ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi.”

Mo dúpẹ́, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo jáde. Mo fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Nílé wa, bí àgbà tàbí ọ̀gá bá di ọwọ́ rẹ mú, tó ní kí o fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun, o ò ní máa yọjú sí i ní gbogbo ìgbà bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. O máa ń dúró ni. Mo dúró.

Nígbà tí ó ṣe, mo padà lọ bá a. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ kan wà lábẹ́ ojú ọjọ́, nítorí náà etí la ó kọ́kọ́ fi máa bá a lọ ná, bí ẹni tó ń lu dùùrù láìwo ìwé. Mo tún dúró. Mo tún padà lọ. Ó ní a ó sọdá afárá náà nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Mo ní mo ti dé ibẹ̀. Ó mi orí, ó ní òun mọ̀, òun mọ̀, ó ní inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni gbogbo wa wà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn ni mo gbé lọ sílé. Ìyá Líńdà ń gbé ní òdìkejì títì sí ilé rẹ̀. Bí ó bá sín, Líńdà máa gbọ́. Ọkọ̀ wo la jọ wà?

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ohùn Bàbá ti fẹ́lẹ́.

“Ọjọ́ wo?”

“Wọ́n ṣì ń wò ó, Bàbá.”

“Kí ni wọ́n ń wò?”

“Ọ̀rọ̀ mi.”

“Ṣé obìnrin náà ní kí o má lọ ni?”

“Kò ní kí n má lọ.”

“Ó ní kí o lọ?”

“Kò ní kí n lọ.”

“Ṣé ó yadi ni?”

“Rárá, Bàbá. Ó ń sọ̀rọ̀ gan-an.”

Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń fa èémí. “Kò tíì kọ̀ nìyẹn,” ló wí. “Ó ṣe é bẹ̀. Wá àgbà méjì tó máa bá ọ bẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n má ṣe jókòó o. Ṣé o gbọ́? Kí wọ́n má jókòó.”

Ìyá Ṣadé ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń dáná nílé náà, ó ti pẹ́ nílùú yẹn débi pé ó ń gbàgbé orúkọ ewébẹ̀.

“Ẹ̀bẹ̀?” ló wí. “Fún Líńdà? Arábìnrin, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí o.”

“Bàbá mi ló ní kí n ṣe é.”

Ó wo ìkòkò tó wà lórí iná. Ó tú épíróọ̀nù rẹ̀. “Kò burú. Ta ni ẹnì kejì?”

Ẹnì kejì ni ọkùnrin ará Gánà kan tó ń tún iná àti ẹ̀rọ ṣe nílé náà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi lóye mi. Ó ní wọ́n ń ṣe é ní ìlú tiwọn náà. Ó lọ fọ ọwọ́, ó wọ kóòtù lé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé, wọ́n dúró. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Líńdà,” ni Ìyá Ṣadé wí, “ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ọ̀rọ̀ arábìnrin wa yìí ni. Bó bá ti ṣẹ̀ ọ́, bá wa forí jì í. Jẹ́ kó lọ rí bàbá rẹ̀.”

Ọrùn Líńdà pọ́n. “Kí ló dé tó wà nílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kó dìde. Ẹ jókòó, gbogbo yín.”

“A ò ní jókòó,” ni ará Gánà náà wí, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà lára rẹ̀, “títí wàá fi dá wa lóhùn.”

Mo rí ojú Líńdà nígbà tí ará Gánà sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró lé e lórí, ẹlòmíràn wà nílẹ̀ tó dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní àwọn ò ní kúrò. Ohun tí bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe fún àwọn èèyàn ni èyí. Nínú yàrá yẹn, bí ìjà ló rí.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí. Ọkùnrin kan wà lójú kọ̀ǹpútà láti ọ́fíìsì wọn àgbà. Ó ní kò dára pé mo kó ọ̀rọ̀ àdáni síta. Ó ní a ká Líńdà mọ́ inú yàrá. Ó ní mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ àdáni ta ni? Bàbá mi ni. Ẹ̀yìn wo sì ni mo gbà? Iwájú rẹ̀ la wà, iwájú rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí. Mi ò sọ èyí jáde. Mo bi wọ́n pé ṣé mo lè lọ. Líńdà ní wọ́n ti so òun lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní bọ́ọ̀lù wà ní àgbàlá àwọn ti òkè. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi.

Mo ti rò ó títí pé bóyá wọn kò ní ọ̀rọ̀ náà ni, bóyá Gẹ̀ẹ́sì tiwọn ti dàgbà kọjá rárá. Irọ́ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Líńdà. Mo gbọ́ ọ tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: rárá, rárá, mo ní rárá. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nípa àga kan tí ìyá náà fẹ́ rà. Ó ń sọ ọ́ fún ajá rẹ̀. Àwọn tirẹ̀ ló ń fún ní rárá. Èmi àlejò, kéèkì ló ń fún mi. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín sí ọ fún ọdún gbọọrọ níbì kan, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ, kí wọ́n di ọwọ́ rẹ mú, kí wọ́n má sì kà ọ́ sí ẹni tó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójúkojú. Bí inú bá ń bí mi sí Líńdà, kì í ṣe torí pé ó fi àyè dù mí. Ọ̀gá lè fi àyè du èèyàn, ilé rẹ̀ ni. Torí pé kò kọ̀ fún mi ni.

Wọ́ltà ló bi mí léèrè. Mò ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan.

“Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o lọ rí bàbá rẹ?”

“Wọn ò tíì dáhùn.”

“Wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ní rárá.”

“Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.”

“Wọn ò ní sọ ọ́ láé. Èmi ni mo bí irú wọn, mo mọ̀ wọ́n.” Ó dúró kí n fá ibi àgbọ̀n. “Bi í lọ́nà tí kò ní ríbi sá sí. Bó bá ní rárá, ju kọ́kọ́rọ́ wọn sílẹ̀, kí o máa lọ.”

Mo fá irùngbọ̀n náà tán. Mo nu ojú rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fa báàgì mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kó aṣọ mi sínú rẹ̀. Mo ti pinnu: lọ́jọ́ Ajé, mo máa gba rárá mi lọ́wọ́ Líńdà, mo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tí mo bá rí. Ara mi fúyẹ́. Mo se ìrẹsì, mo jẹ ẹ́ tán, ohun tí mi ò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Dáyọ̀ gbé fóònù. Mi ò gbọ́ adìyẹ.

“Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú òtútù.”

“Gbé fóònù fún Bàbá.”

“Wọ́n ń sùn.”

“Wọ́n ń sùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà.”

“Ó ti ń rẹ̀ wọ́n ni, Àǹtí. Ẹ mọ̀ pé àgbà ti dé.”

Nílé wa, wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tó wà lókèèrè. Wọ́n á ní ó ń sùn, wọ́n á ní ó lọ sóko, títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́, kí o má baà dá gbọ́ ọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní ààyè kankan nínú mi mọ́ fún ọ̀rọ̀ rírọ̀, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ìyá mi.

“Dáyọ̀, sọ ọ́.”

“Àǹtí, ẹ jókòó ná.”

“Mi ò ní jókòó. Sọ ọ́.”

Ó wí pé, “Bàbá ti kú. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni.”

“O ṣeun,” ni mo wí, mo sì jókòó.

Ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Líńdà. Ìyá Ṣadé ti sọ fún un. Ó ti dìde kí n tó wọlé, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n máa lọ sílé lónìí, kí n lo gbogbo àkókò tí mo bá fẹ́, òun ti bá àwọn ti òkè sọ ọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i ní òwúrọ̀ yẹn. Ó kéré tán, ló wí, bàbá mi ti wà ní ibi tó dára jù.

Mo dúró sójú kan. Bàbá tó wà láàyè, afárá àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi dá a lóhùn. Bàbá tó kú, wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n tó mu tíì àárọ̀.

“Mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan,” ni mo wí. “Ká ní bàbá mi wà láàyè di òní, ṣé wàá jẹ́ kí n lọ?”

“Ó ṣòro láti sọ. Tí a bá wẹ̀yìn wò báyìí—”

“Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.”

“Kì í ṣe dúdú tàbí funfun, o mọ̀ pé—”

“Líńdà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.”

Ó wo ilẹ̀kùn. Mo ti tì í. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Rárá,” ló wí. “A ò ní òṣìṣẹ́ tó. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá. Mi ò fẹ́ dùn ọ́.”

Ọ̀rọ̀ tí mo wá gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ká ní ó fún mi lọ́jọ́ náà, èmi ni ǹ bá yan ohun tí mo fẹ́, mo sì mọ ohun tí ǹ bá yàn, nítorí òun náà ni mo yàn ní òwúrọ̀ yẹn nígbà tí kò wúlò mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lé orí tábìlì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó dá mi lóhùn, bí bàbá mi ìbá ti ṣe. Mo lọ kí Wọ́ltà. Ó ní, “Mo gbọ́ pé ó kú,” ó sì di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan mìíràn.

A sin Bàbá sí Ìdógùn. Àwọn èèyàn tó wá pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti bá bẹ ẹnì kan rí.

Ọ̀wọ̀ ni mo wà báyìí, mò ń tọ́jú àwọn aláìsàn nínú ilé wọn. Bí ẹnì kan bá bi mí ní nǹkan, tí mi ò ní ṣe é, mo máa ń sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ìlú òyìnbó ló bà mí jẹ́. Dáyọ̀ pàápàá ní, “Àǹtí, ẹ rọra máa sọ ọ́, kì í ṣe ibí lẹ ti kọ́ èyí.” Mo ní ibí ni.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan wá bá mi láti Òkèlúsè. Ó mú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àti àgbà ìjọ kan dání, wọ́n wọ aṣọ tó dáa. Mo gbé àga fún wọn, wọn kò jókòó. Mo mọ ìdúró yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọbìnrin ìyàwó àwọn yìí fẹ́ lọ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Ó ní kí n bá àwọn kọ̀wé sí ọ̀gá mi níbẹ̀ kó gbà á síṣẹ́. “Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀,” ló wí.

“Rárá, bàbá,” ni mo wí. “Mi ò ní kọ ọ́. Mi ò lè fi ọmọ yín lé obìnrin yẹn lọ́wọ́.”

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó ti dá ẹlẹ́bẹ̀ lóhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí.

“Ṣé ká fún ọ láyè díẹ̀,” ni àgbà ìjọ náà wí, “kí o lọ rò ó? A lè padà wá.”

“Mo ti rò ó, ẹ má ṣe wàhálà àtipadà wá. Rárá ni. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín.”

Wọ́n jókòó. Ojú obìnrin náà ti pọ́n, kò sì wò mí títí ó fi mu omi rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ife. Lẹ́yìn náà ló gbé ife sílẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo mọ ibòmíràn. Mo ní mo mọ ọ̀kan. Ìyá Ṣadé ti kúrò ní ilé yẹn, ó sì ní ọ̀gá tó gbà á níbi tuntun máa ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Mo fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní òun á pè é lọ́la.

Mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò. Ọ̀nà wọn gba Ẹlẹ́gbẹ́ká kọjá, níbi tí àwọn ajínigbé ti ń dá èèyàn lọ́nà, kò sì sí ẹni tó ń fẹ́ wà lójú ọ̀nà yẹn mọ́ bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń sún mọ́. Dẹ́rẹ́bà tó gbé wọn wá gbé orí sókè, ó ní wọn kò pẹ́ tó bí òun ṣe rò.

Oòrùn ṣì ga. Wọ́n á ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú.